Ọmọ Ajá Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Kíkẹ́lọmọ

Bí ẹ bá ní ará ní Ilé-Ifẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ ọ. Wọ́n ní ọmọbìnrin kan wà ní Modakeke tó ń sin ajá òyìnbó, tó ní nọ́ńbà nínú ìwé ẹgbẹ́ àwọn asìnjá, tó sì ta ọmọ ajá aláìsàn fún olùkọ́ tó kọ́ ọ ní yunifásítì. Ọmọ ajá náà kú. Wọ́n yọ orúkọ ọmọbìnrin náà kúrò nínú ìwé. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń parí rẹ̀ sí.

Mo ti gbọ́ ìtàn yìí lọ́nà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú ọ̀kan, ọjọ́ mẹ́ta péré ni ajá náà lò. Nínú òmíràn, inú ọkọ̀ ló ti ń bì kó tó délé olówó rẹ̀. Obìnrin kan tilẹ̀ sọ ọ́ fún mi lójú mi pé ìyá ajá náà ti kú kí wọ́n tó ta ọmọ rẹ̀, kò sì mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Kò sí ohun tí ìtàn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi jọra àfi ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi.

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ni ní kẹ́mísírì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin bá gba ọ̀nà mẹ́rin ṣe ìṣirò, tí gbogbo ọ̀nà náà kò tọ̀nà, tí wọ́n sì jọ dórí ìdáhùn kan ṣoṣo, mo máa ń mọ̀ pé wọn kò ṣe ìṣirò kankan. Ẹnì kan ló sọ ìdáhùn fún wọn.

Èmi ni olùkọ́ inú ìtàn náà. Èmi ni mo sì jẹ́ kí wọ́n rí ìdáhùn yẹn kọ.

Ní ọdún 1996, ọkọ mi, Ọ̀gbẹ́ni Akínkúnlé, ń lọ sí àádọ́rin ọdún. Ọdún méjì ṣáájú ni àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba apá ọ̀tún rẹ̀, tó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni tẹ́lẹ̀, ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Nígbà tí mo ń sọ yìí, ọ̀rọ̀ méjì ló ṣẹ́kù fún un: “hẹn” àti “rárá”. Wọn kò tilẹ̀ dúró sójú kan. Nígbà mìíràn, “rárá” ni yóò bọ́ sílẹ̀ nígbà tó ń wá “hẹn”, omi yóò sì lé sí i lójú.

Láti òwúrọ̀ ni ó ti máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Òkèrèwè, tí yóò kọjú sí àgbàlá. Ní ọjọ́ kan, ó di kàlẹ́ńdà kan mú tí àwòrán ajá elétí ṣóńṣó wà lára rẹ̀, irú èyí tí a ń pè ní Àlíséṣàn. Kò jọ̀wọ́ rẹ̀ títí oúnjẹ ọ̀sán fi tutù. Ó ti sin irú rẹ̀ rí ní Ìbàdàn, nígbà tí kò tíì fẹ́ mi.

Mo bi í pé, “Ṣé ajá lẹ fẹ́ ni?”

Ó ní, “Rárá,” ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Fọláyọ̀, ń gbé lọ́dọ̀ wa. Mo fi ọdún mọ́kànlá jù ú lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i kí n tó wọ ilé wọn, nítorí náà “ìyàwó mi” ló ń pè mí, èmi náà ń pè é ní Àǹtí.

“Ìyàwó mi,” ló wí, “ra ajá fún ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ tí kò rí bá wa sọ, bóyá yóò bá ajá sọ ọ́. Ajá kì í tún gbólóhùn ṣe fún èèyàn bíi tìẹ.”

Mo pinnu láti ṣe é bó ṣe yẹ. N kò fẹ́ ajá tí n kò mọ ìyá rẹ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ dókítà ẹranko, ó fún mi ní orúkọ kan: Kíkẹ́lọmọ Ògúndèjì, ní Modakeke. Mo rántí rẹ̀. Ó wà ní kíláàsì mi ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, ọmọ tó máa ń jókòó níwájú, tí kì í ju ọwọ́ sókè àfi tí ó bá dá a lójú.

Inú mi dùn sí ohun tí mo rí níbẹ̀. Kí a tó wọ ibi tí àwọn ajá wà, a ní láti tẹ bàtà bọ inú páànù omi oògùn. Ilẹ̀ mọ́. Ó mú ìyá ajá wá kí n wò ó, ó ní ẹni tí kò bá jẹ́ kí a rí ìyá, kí a má ṣe bá a ra ọmọ. Àwọn ọmọ wà lórí koríko gbígbẹ, méje, wọ́n ń gun ara wọn.

Ó gbé ìwé ìbéèrè kan lé mi lọ́wọ́.

“Ẹ má bínú, mà, gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gba ajá ni mo máa ń fún. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fún Màmá ní ìdánwò.”

“Kò burú,” mo wí. “Èmi ni mo ti máa ń fúnni.”

A jọ rẹ́rìn-ín. Ìwé náà béèrè ẹni tí yóò máa bọ́ ajá náà, àti bóyá ọgbà wà. Ó béèrè bóyá mo gbà pé bí n kò bá lè tọ́jú rẹ̀ mọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni n ó dá a padà sí, n kò ní tà á fún ẹlòmíràn. Mo ń kọ “bẹ́ẹ̀ ni” lọ, ọwọ́ mi ń sáré. Lẹ́yìn náà ni mo kan ìbéèrè kẹrin: ǹjẹ́ ajá kankan ti kú ní àgbàlá yín láàárín ọdún kan?

“Nítorí pávò ni, mà,” Kíkẹ́lọmọ ṣàlàyé. “Àrùn ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ ajá. Kòkòrò rẹ̀ máa ń wà nínú ilẹ̀ fún ọdún kan, òjò kì í pa á. Bí ajá bá ti kú níbẹ̀ rí, a ó jẹ́ kí ọmọ ajá gba abẹ́rẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó tó lọ. Abẹ́rẹ́ kan ni àwọn wọ̀nyí tíì gbà.”

“Ìgbà wo ni yóò gba ẹ̀kẹta?”

“Oṣù Kejìlá, mà.”

Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹwàá ni ọjọ́ ìbí ọkọ mi. Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹwàá ni a wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, ajá méjì kú ní àgbàlá wa. Ọmọ ajá ilé lásán ni wọ́n, tí ẹnì kan kó wá fún Fọláyọ̀. Wọ́n bì, wọ́n yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀ gbà. A sin wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kànga, a gbé òkúta lé wọn kí adìyẹ má baà tú wọn.

N kò gbàgbé. Mo rí òkúta méjèèjì lójú inú mi bí mo ti di bírò mú.

Ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara mi jiyàn gẹ́gẹ́ bí mo ti máa ń bá akẹ́kọ̀ọ́ jiyàn. Ta ló yẹ̀ wọ́n wò tó sọ pé pávò ni? Kò sí. Ṣé oúnjẹ burúkú kò lè ṣe bẹ́ẹ̀? Ó lè ṣe é. Ṣèbí mo da omi apakòkòrò sílẹ̀ níbẹ̀? Mo dà á. Mo béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ara mi, nígbà tí n kò rí i, mo ní ọ̀ràn náà kò sí. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti fi iyèméjì wá òtítọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo fi bò ó mọ́lẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà. Àwọn olùkọ́ àgbà tí wọ́n ti bá ọkọ mi ṣiṣẹ́ ń bọ̀ wá kí i ní ọjọ́ náà, ẹni mẹ́jọ. Wọ́n kò tíì rí i láti ìgbà tó ti ṣàìsàn. N kò fẹ́ kí wọ́n bá a pẹ̀lú aṣọ ìnutọ́ ní èjìká nìkan. Mo fẹ́ kí wọ́n bá a pẹ̀lú ajá rere lẹ́sẹ̀, kí wọ́n lè rí nǹkan mìíràn sọ nígbà tí wọ́n bá délé. Mo sọ fún ara mi pé nítorí rẹ̀ ni. Apá kan rẹ̀ jẹ́ òótọ́.

Mo kọ “rárá” sí iwájú ìbéèrè kẹrin.

Kíkẹ́lọmọ wò ó, ó fi sínú fáìlì. “Ó ku kí n wá wo àgbàlá, mà. Mo máa ń wò ó kí n tó gbé ajá sílẹ̀. Bí ó bá rọ̀ yín lọ́rùn, ọ̀la.”

Bó bá wọ àgbàlá, yóò rí òkúta méjèèjì.

“Kíkẹ́lọmọ,” mo wí, mo sì fi bírò sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Ìwọ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ bí a ṣe ń di ìgò ìwọnmi mú kó má baà já. Ìwọ lo fẹ́ wá yẹ ilé mi wò?”

Ó ti kúnlẹ̀ kí n tó parí rẹ̀. “Ẹ má bínú, mà. Mi ò ní i lọ́kàn bẹ́ẹ̀.”

“Máa bọ̀, jàre. Wá wò ó bóyá mo mọ ilẹ̀ gbá.”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ wọ́nú. Ẹnu mi ló yọ̀.”

Mo mọ ohun tí mo ṣe. Ní ilẹ̀ wa, ọmọ tó bá ti kúnlẹ̀ fún àgbà nítorí ìbéèrè kan kò lè dìde kó tún béèrè ìbéèrè kan náà. Mo lo ìyẹn. Bí mo bá ti jẹ́ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, ìbá ti sọ pé òfin lòfin. Bí mo bá ti jẹ́ àlejò, ìbá ti sọ pé kí n máa lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, mo gbé ọmọ ajá kan lọ sílé pẹ̀lú ìwé ìran rẹ̀ àti káàdì abẹ́rẹ́. Ohun tó sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà, ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀: “Inú ilé nìkan, mà. Kó máà fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ títí yóò fi gba abẹ́rẹ́ kejì.”

Mo ṣe ìlérí. Mo sì rò pé n ó mú un ṣẹ.

Bámitálẹ́ ni a sọ ajá náà. Èmi ni mo pe orúkọ yẹn, ọkọ mi ní “hẹn,” ó sì tún un sọ nígbà mẹ́ta, “hẹn” tó dúró sójú kan. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kì í kúrò lórí ajá náà. Ajá náà ń sùn sórí bàtà rẹ̀.

Àwọn àlejò dé ní ọjọ́ kọkàndínlógún. Fọláyọ̀ ló ń ṣàfihàn ajá bí ẹni tó bí i.

“Ẹ wo ìwé rẹ̀. Ó mọ bàbá bàbá rẹ̀, ó mọ ìyá tó bí ìyá rẹ̀. Èmi gan-an ò mọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi bi í bóyá wọ́n jẹ gbèsè kankan sílẹ̀.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan. Ibẹ̀ ni ajá náà ti fò sílẹ̀ láti orí bàtà rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó wọ àgbàlá.

Ọkọ mi dìde.

Kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó fi ọwọ́ òsì di ògiri mú, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì tẹ̀ lé ajá náà. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún. Láti ọdún méjì, kò tíì rìn láìsí ọwọ́ ẹlòmíràn lábíyá rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn ń sunkún ní gbangba.

Ajá náà ti dé ẹ̀bá kànga. Ó ń fi imú tú ilẹ̀.

Kí ni ǹ bá ṣe? Bí mo bá ké, yóò ṣubú. Bí mo bá sáré lọ gbé ajá náà, yóò dúró, bóyá kò sì ní rìn mọ́. Gbogbo ojú ló wà lára wa. Mo dúró sórí àtẹ̀gùn, mo pa ọwọ́ pọ̀, mo ń wo ajá tó ń lá òkúta.

Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún, Bámitálẹ́ kọ oúnjẹ. Nígbà tí ọ̀sán fi máa pọ́n, ó ti bì nígbà mẹ́fà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí ẹ̀jẹ̀.

Mo ránṣẹ́ sí Kíkẹ́lọmọ. Ó gun ọ̀kadà dé pẹ̀lú ìgò omi àti abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ nínú àpò. Ó so ìgò náà kọ́ ara fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wá iṣan lẹ́sẹ̀ ajá náà títí ó fi rí i. Ojoojúmọ́ ló ń wá lẹ́yìn náà, ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́.

“Oògùn wo ló ń pa kòkòrò rẹ̀?” mo bi í.

“Kò sí, mà. Omi nìkan ni a lè máa fún un. Ara rẹ̀ ló máa jà fúnra rẹ̀.”

Mo ti mọ̀ kí n tó béèrè. Mo ti ka ìwé nípa rẹ̀ ní ọjọ́ tí mo gbé e délé. Kò sí ohun tó burú tó kí èèyàn mọ orúkọ ohun tó ń pa nǹkan lójú rẹ̀, kó sì mọ̀ pé orúkọ náà kò wúlò.

Ní ọjọ́ kẹta ìtọ́jú, Fọláyọ̀ ti lọ sí ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì. Kíkẹ́lọmọ kúnlẹ̀ ti ajá náà, ó ń nu ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú òwú.

“Mi ò mọ ibi tí mo ti ṣì í, mà,” ló wí. “Bóyá bàtà mi ló gbé e wá. Mo lọ síbi ajá aláìsàn kan ní Ẹdẹ ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ wá. Mo tẹ omi oògùn, àmọ́ bóyá kò lágbára tó. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kó o ran ajá yín, mà, ẹ foríjì mí.”

Ìgò omi wà lọ́wọ́ mi. Mo ń gbé e sókè kó lè máa kán dáadáa.

Ọkọ mi lu apá àga rẹ̀.

“Rárá,” ló wí.

A yíjú sí i. Ó ń mì tìtì. “Rárá. Rárá.” Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ sí àgbàlá.

“Omi lẹ fẹ́, sà?” Kíkẹ́lọmọ béèrè.

“Rárá.” Ó tún na ọwọ́ náà, ẹ̀bá kànga. Lẹ́yìn náà ó ká ìka mẹ́ta kò, ó sì na méjì sókè sí ojú Kíkẹ́lọmọ. Itọ́ ń ṣàn ní àgbọ̀n rẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ló fi ń wá ọ̀rọ̀ kan, n kò sì bá a sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ó wà lẹ́nu mi.

Kíkẹ́lọmọ dìde. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹ̀bá kànga. Mo rí i tó dúró níwájú òkúta méjèèjì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò wọ́n fún ìgbà díẹ̀, ó padà wá.

“Ajá ni, mà?”

Mo mi orí pé ajá ni.

“Méjì?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Nígbà wo?”

“Oṣù Karùn-ún.”

Mo ń retí ìbéèrè tó kàn. Mo ti múra àlàyé sílẹ̀, nípa òjò, nípa omi apakòkòrò, nípa pé ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wọ́n wò. Kò béèrè. Ó kúnlẹ̀ padà sí ibi tó wà, ó fi ọwọ́ kan etí ajá náà.

“Ẹ bá mi gbé ìgò yẹn sókè díẹ̀ sí i, mà,” ló wí.

Ọkọ mi ti gbé ojú kúrò lára mi.

Bámitálẹ́ kú ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ní ọwọ́ ọkọ mi. Láti ọjọ́ náà, n kò tún gbọ́ “hẹn” rẹ̀ mọ́.

Fọláyọ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́. “Wọ́n fi àìsàn ta ajá fún yín ni. Àwọn tèmi kú ikú ajá lásán, ìyẹn ò yà mí lẹ́nu. Èyí tó ní ìwé ìran, kí ni ì bá pa á?”

Kò mọ̀ pé ẹnì kan bi mí ní ìbéèrè kẹrin. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ǹ bá fi dá a dúró.

Mo ní, “Ohun tí Ọlọ́run fẹ́ ni, Àǹtí.”

Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó wọ ìlú. Kó tó di pé oṣù Kọkànlá dé ìdajì, ẹni méjì tí wọ́n ti fi orúkọ sílẹ̀ fún ọmọ ajá tó kàn lọ́dọ̀ Kíkẹ́lọmọ ti ní àwọn kò ṣe mọ́. Ẹgbẹ́ àwọn asìnjá pè é kó wá ṣàlàyé, wọ́n sì bẹ̀ mí kí n wá jẹ́rìí. Mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún un. Bí wọ́n bá yọ orúkọ rẹ̀, kò ní lè fún ajá kankan ní ìwé ìran mọ́. Iṣẹ́ tó fi ọdún mẹ́fà kọ́ yóò parí.

Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ifẹ̀ ni wọ́n lò, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Alága wọn ni Ọ̀gbẹ́ni Awódélé. Akọ̀wé ni Àlùfáà Abdulwahab, tó wá láti Òṣogbo. Wọ́n wá àga onítìmùtìmù fún mi. Nígbà tí mo fẹ́ dìde kí wọn, gbogbo wọn ní, “Ẹ máà dìde, Màmá.” Kíkẹ́lọmọ jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn ọmọdé, orókùn rẹ̀ ga. Fáìlì rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀.

Alága bẹ̀rẹ̀. “Ǹjẹ́ o lọ wo àgbàlá Màmá kí o tó gbé ajá fún wọn?”

“Mi ò lọ, sà.”

“Ṣé o mọ̀ pé òfin wa ni?”

“Mo mọ̀, sà.”

“Kí ló dé tí o kò lọ?”

Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí fáìlì. Mo rí etí ìwé ìbéèrè náà tó yọ síta. Ìwé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ. Bó bá fà á yọ, ọ̀ràn parí.

Ó wo ojú mi. Kì í ṣe wíwò ìhàlẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ìdáhùn tí ń wo olùkọ́ ni, tó ń dúró kí wọ́n pe orúkọ rẹ̀.

N kò pè é.

“Àṣìṣe mi ni, sà,” ló wí.

Ọ̀gbẹ́ni Awódélé yíjú sí mi. “Màmá, ǹjẹ́ ẹ ní ohun tí ẹ fẹ́ sọ?”

Mo la ẹnu. Mo búra fún yín, òótọ́ ni mo fẹ́ sọ. Mo ti tò ó láti ilé. Ṣùgbọ́n mo wo àga tí wọ́n wá fún mi, mo wo bí wọ́n ṣe tẹ orí wọn sílẹ̀ láti gbọ́ mi, ẹ̀rù bà mí pé n kò ní rí ibi jókòó sí lẹ́yìn rẹ̀.

“Ọmọ dáadáa ni,” mo wí. “Ẹ ṣàánú rẹ̀.”

Akọ̀wé mi orí. “Ẹ ò rí i bí àgbà ṣe ń ṣe,” ló sọ fún àwọn yòókù. “Ajá wọn ló kú, àwọn náà ló tún ń bẹ̀bẹ̀. Àlùbáríkà ni.”

Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ ní ọjọ́ náà.

Níta, ó wá kúnlẹ̀ kí mi. “Ẹ ṣeun, mà, tí ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n.”

Mo ti yẹ gbólóhùn yẹn wò fún ọdún mẹ́ta. N kò tíì mọ̀ bóyá ẹ̀gàn wà nínú rẹ̀. N kò rò pé ó wà, ìyẹn ló sì burú jù.

Mo kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ náà nígbà mẹ́ta, mo ya á nígbà mẹ́ta. Mo ní n ó lọ bá a ní ilé rẹ̀ lẹ́yìn ọdún tuntun. Mo ní lẹ́yìn Àjíǹde. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1997, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ifẹ̀ àti Modakeke, ọ̀nà tí mo lè fi ẹsẹ̀ rìn di èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà. Nígbà tó rọlẹ̀ díẹ̀ tí mo fi rí ẹni rán, ilé náà ti ṣófo. Ẹnì kan ní ó kó ìyá ajá lọ sí Ìwó. Ẹlòmíràn ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Mo kọ̀wé sí méjèèjì, ìwé mi padà wá.

Ọkọ mi kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e. N kò bi í bóyá ó dárí jì mí. Bí ó bá tilẹ̀ dáhùn, n kò ní mọ èyí tó ń wá nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, mo lọ bá Àlùfáà Abdulwahab ní Òṣogbo. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo bẹ̀ ẹ́ kó dá orúkọ ọmọ náà padà.

“Màmá,” ló wí, “ẹgbẹ́ ti tú ká láti èṣí. Kò sí ìwé tí a ó dá orúkọ kankan padà sí.”

“Kí ni mo wá lè ṣe?”

“Wallahi, mi ò mọ̀.”

Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́ síbí. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ajá tí ìran rẹ̀ kò dàpọ̀, ẹ wá ẹni tó ní ìwé, ẹ wo ìyá, ẹ wo ilẹ̀ tí wọ́n bí i sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń bi yín ní ìbéèrè tí kò dùn mọ́ yín, ẹni náà gan-an ni kí ẹ bá rà á. Ẹ dá a lóhùn bí nǹkan ṣe rí. Ẹ má ṣe jẹ́ kó kúnlẹ̀.

Kí n tó kúrò lọ́dọ̀ Àlùfáà, ó fún mi ní ohun kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ rẹ̀: orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn tó ra ọmọ ajá lọ́dọ̀ Kíkẹ́lọmọ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1996. Mo kọ̀wé sí gbogbo wọn. Èsì tó gbẹ̀yìn dé láti Ondó ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ọmọ méje ni ìyá ajá náà bí. Ọmú kan náà ni wọ́n mu, ọjọ́ kan náà ni wọ́n gba abẹ́rẹ́, inú ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n kúrò ní ilé Kíkẹ́lọmọ. Ní òwúrọ̀ tí a jókòó nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ yẹn, tí a dá a lẹ́bi pé ó ta ajá aláìsàn, mẹ́fà nínú wọn wà láàyè, ara wọn le. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣì wà láàyè di òní. Èyí tó wọ ilé mi nìkan ló kú.